Oríyìn fún Àwọn Ọmọ IT Inú Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Kòkó

Bí ọkọ̀ bá gbé kòkó kúrò lágbègbè Oǹdó, àwọn tí ojú wa ń rí kò pọ̀: àgbẹ̀, alágbàtà, alábàárù, awakọ̀ tó forí lé Àpápá. Ọmọ tó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ oníṣòwò, tó ń ka òfin àwọn ará Yúróòpù títí ojú fi ń ta á, ta ló ń rántí rẹ̀? Òun ni mo wá kí lónìí.

Èmi gan-an ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra kòkó ni mo sìn lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wọn ní Àkúrẹ́. Mo bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ń retí kó gbé omi wá, nítorí bí a ti ń lo àwọn ọmọ IT nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa: lọ ṣe fọ́tókọ́pì, lọ bá mi ra búrẹ́dì. Kò gbé omi kankan wá. Bàbá àgbẹ̀ kan ló jókòó tì, tó ń bi í ní ìbéèrè, tó ń kọ èsì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù.

"Bàbá, kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí ní ọdún 2020?"

"Igbó ni. Ọdún 2022 ni mo tó ṣán an."

Ọ̀rẹ́ mi di orí mú. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Bàbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ọmọ náà ò tíì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé ẹgàn ni, àbí igbó ló bo kòkó mọ́lẹ̀?"

"Ẹgàn kẹ̀! Kòkó tí bàbá mi gbìn ni. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mi ò rí i ro fún ọdún méjì."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá ti ba ọjà jẹ́. Ẹni tó kọ òfin náà ní Brussels kò mọ̀ pé igbó ju oríṣi kan lọ lẹ́nu wa. Ọmọ IT yìí mọ̀.

Iṣẹ́ wọn kò mọ síbẹ̀. Òfin náà fẹ́ mọ ojú oko gan-an: oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn nǹkan bí éékà 10, àmì GPS kan tó o, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n wọn ààlà rẹ̀ yí po. Bẹ́ẹ̀ sì ni oko kòkó àtijọ́ tí ìrókò àti arère ṣíji bò, igbó ló ń jọ nínú àwòrán sátẹ́láìtì. Tí kò bá sẹ́ni tó ṣàlàyé, ẹrù tó mọ́ lè di ẹrù òfin. Ní Gánà, COCOBOD ìjọba ló ń gbé irú ẹrù yìí. Àwa tú Bọ́ọ̀dù Kòkó tiwa ká ní 1986, olúkúlùkù ẹgbẹ́ ló wá ń wá ọ̀nà ara rẹ̀.

Yúróòpù sì ti kọ ọjà wa rí. Ní 2015, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos: 0.01 miligíráàmù nínú kílò kan ni ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí, ohun tí wọ́n bá lára òmíràn nínú ẹ̀wà wa sì tó 4.6.

Ohun tó wù mí jù lára ọmọ náà ni pé kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwọn oko kan wà nínú igbó ọba Ọmọ àti Olúwa lóòótọ́. Mo bi í léèrè bó ṣe máa ń kọ ìyẹn. Ó ní, "Bó ṣe rí ni, sà." Ó padà sídìí fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Láti 1973 ni ètò SIWES, tí IT yìí wà lábẹ́ rẹ̀, ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ kọ́ṣẹ́, oṣù mẹ́fà sì ni ọmọ yunifásítì ń lò. Púpọ̀ wọn ń fi owó ara wọn wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, ẹ bá wọn wá owó ọkọ̀. Ìwé tí wọ́n bá sì bá yín kọ, ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn wà níbẹ̀.