Ìtàn Adájọ́ Obìnrin Kọjá "Òun Ni Ẹni Àkọ́kọ́"



Ní oṣù kẹta ọdọọdún, tí àwọn ilé-ìwé ní Prince George's County bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn obìnrin tó ṣe ohun ńlá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa máa ń mú àwòrán adájọ́ obìnrin bọ̀ wálé. Wọ́n á ti kun aṣọ rẹ̀ ní dúdú, wọ́n á sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ìyá náà ṣe. Wọ́n á ní, "Òun ló kọ́kọ́ ṣe é." Kí ló wá ṣe gan-an? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

A ò bá àwọn tíṣà jà o. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọmọ sì pọ̀ nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n nílé tiwa ńkọ́? Ohun tí ọmọ ń gbọ́ nípa kóòtù lẹ́nu àwa àgbà ni ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ọ̀rọ̀ onílé tó fẹ́ lé ayálégbé jáde, àti òwe wa pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí a bá ní a ń lọ sí Upper Marlboro, níbi tí kóòtù county wa wà, ojú wa á ti fà ro kí a tó tan mọ́tò. Ọmọ náà ń wò wá. Àwòrán lọ́wọ́ ọ̀tún, ìbẹ̀rù lọ́wọ́ òsì: kò sí ẹni tó sọ fún un ohun tí adájọ́ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe fún Dèbórà inú Bíbélì. Gbogbo ọmọ wa ló mọ ogun Sísérà. Àmọ́ ìwé Onídàájọ́ orí kẹrin ti sọ ọ́, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, pé abẹ́ igi ọ̀pẹ ni obìnrin yìí máa ń jókòó sí, tí àwọn ènìyàn ń gbé ẹjọ́ wọn wá bá a. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ogun kàn wá bá a lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Èkó ni wọ́n bí Stella Thomas sí ní 1906. Ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, oníṣòwò pàtàkì sì ni. Freetown ló ti lọ ilé-ìwé kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní London. Ní 1933 wọ́n gbà á sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Middle Temple, kò sì sí obìnrin Áfíríkà kankan tó ti débẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, níbi ìpàdé kan ní London, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ètò Lugard, èyí tí òyìnbó fi ń gba ẹ̀yìn àwọn ọba ṣàkóso ilẹ̀ wa. Ọmọbìnrin yìí dìde láàrin àwọn àgbààgbà òyìnbó, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún! Ní 1943 wọ́n fi í ṣe májísíréètì, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òmìnira Nàìjíríà ṣì ku ọdún 17 nígbà náà. Kóòtù májísíréètì sì ni kóòtù mẹ̀kúnnù: ọ̀rọ̀ olè, ọ̀rọ̀ ìjà, ọ̀rọ̀ gbèsè.

Ní òdìkejì òkun, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà. Ní 1908 ni wọ́n bí Jane Bolin ní Poughkeepsie, ní ìpínlẹ̀ New York. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Wellesley, nígbà tó ní òun fẹ́ ṣe lọ́yà, olùdámọ̀ràn rẹ̀ ní kó má dá a láṣà, pé obìnrin dúdú kò lè rí ìjẹ nídìí rẹ̀. Ó lọ sí Yale, ó sì gboyè jáde ní 1931, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè òfin níbẹ̀. Ní oṣù keje 1939, La Guardia, olórí ìlú New York, ránṣẹ́ pè é, kò sì sọ ìdí. Àyà Jane já, ó rò pé bóyá ẹnì kan fẹjọ́ òun sùn. Ó dé ibẹ̀ tán, wọ́n ní kó na ọwọ́ rẹ̀ sókè kó búra. Adájọ́ ló dà lọ́jọ́ náà, àkọ́kọ́ láàrin àwọn obìnrin dúdú ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ibi tí ìwé àwọn ọmọ sábà máa ń parí sí nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kóòtù àwọn ìdílé ni wọ́n gbé e lọ: ọmọ tí kò lóbìí, ọmọ tó jalè, ìyàwó tí ọkọ ń lù. Kì í wọ aṣọ dúdú adájọ́ jókòó, kí ẹ̀rù má ba àwọn ọmọ. Nígbà náà, àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ kan wà tí wọ́n ń gba owó ìjọba, tí wọn kì í gba ọmọ dúdú. Jane Bolin jà títí wọ́n fi ní kí wọ́n máa gba gbogbo ọmọ láìwo àwọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn tí kóòtù fà lé wọn lọ́wọ́ náà, tẹ́lẹ̀, àwọ̀ àti ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ó fi òpin sí i.

Àwọn òbí kan ti sọ fún wa pé ọmọ kékeré ni wọ́n, kí a má kó ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí wọn létí. A gbọ́ yín, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọn kò jẹ́ kó bá wọn ṣeré rí ti mọ̀ pé wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ lójú. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i.

Nǹkan kan tún wà tí "ẹni àkọ́kọ́" máa ń bò mọ́lẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni pé tí ẹnì kan bá ti wọlé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Láti 1943 tí Stella Thomas di májísíréètì, ọdún 26 kọjá kí Modupe Omo-Eboh tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Nàìjíríà, ní 1969. Ọdún 36 mìíràn kọjá kí obìnrin tó dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ: Aloma Mukhtar ni, ní 2005. Jane Bolin náà, fún ogún ọdún gbáko, òun nìkan ni obìnrin dúdú tó jẹ́ adájọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní Maryland tiwa yìí, 1981 ni Mabel Houze Hubbard tó di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sípò adájọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi ìka ka àwọn ọdún wọ̀nyí. Ọmọbìnrin tí a bá sọ fún pé ilẹ̀kùn ti ṣí, bó bá débẹ̀ tó bá a ní títì, ara rẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ ọ́ nílé, Yorùbá ni kí ẹ fi sọ ọ́. A lo "ó" níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ìwé ti ń lò ó, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọmọ, Màmá Stella ni, "wọ́n" ni. Ẹ sì fi òwe wa kejì ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn: a gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń jà lórí rìmóòtù, ẹ fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ jẹ adájọ́, kó gbọ́ ti ọ̀tún kó gbọ́ tòsì kó tó lanu. Ẹ ó rí i pé kò rọrùn fún un rárá.

Ẹ má sì gbàgbé ìparí ìtàn Màmá Jane. Nígbà tí wọ́n pé 70 ọdún ní 1978, òfin ní kí wọ́n fẹ̀yìn tì, kò sì dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n kúrò ní kóòtù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ilé-ìwé ìjọba ní New York láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, láìgba owó.