Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Ṣe Físíìsì

Lọ́jọ́ tí èsì GCSE, ìdánwò tí àwọn ọmọ ọdún 16 ń ṣe, bá jáde nínú oṣù kẹjọ, orí ìdúró ni wọ́n ti máa ń fi ọjọ́ ọ̀la ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúnàádúrà. Ọmọ gba 7 nínú Físíìsì, ó gba 8 nínú Ìṣirò, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó sì wọlé lọ forúkọ sílẹ̀ fún sixth form, níbi tí wọ́n ti ń ka A-level. Kó tó jáde, Físíìsì ti kúrò nínú ohun tó fẹ́ kà. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ó le jù. Olùkọ́ lè ni ẹni náà, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tó ti gbìyànjú rẹ̀ wò, ó sì lè jẹ́ ìyá rẹ̀ gan-an tó dúró tì í, tó ń yọ́ sọ ọ́ sí i létí pé kó mú èyí tó ti máa rí A.

Mo lòdì sí ìmọ̀ràn yìí pátápátá. Ọmọ tó bá fẹ́ràn Físíìsì, tí ìṣirò rẹ̀ sì múná, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Bó bá jẹ́ B ló máa gbà níbẹ̀, tàbí C pàápàá, nígbà tí ì bá gba A nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, kó ṣì ṣe é.

Ohun tó ń rú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ àwọn òbí wa lójú ni pé ilé-ìwé Nàìjíríà ni wọ́n fi ń wọn ti ibí. Nílé, ọmọ tó wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì máa ń ka Físíìsì, Kẹ́mísírì, Bàọ́lọ́jì, Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn mìíràn papọ̀ títí tó fi máa jókòó ṣe WAEC. Ní England, mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń mú lọ sí A-level, ọmọ ọdún 16 ló sì ń yàn án. Ohun tí kò bá sí nínú mẹ́ta yẹn, ó tán nìyẹn. Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ètò náà ṣe lọ́dún 2015, ìparí ọdún kejì ni gbogbo ìdánwò tó ń mú oyè wá bọ́ sí, kò sí ìdánwò ìdajì ọ̀nà tó ń ka máàkì sílẹ̀ fún ọmọ mọ́. Bàbá tó bá ń sọ pé "Ṣebí bó bá dé yunifásítì á kà á níbẹ̀" kò tíì mọ ìlú tó wà. Yunifásítì ibí kì í sábà gba ọmọ wọlé tààrà láti wá bẹ̀rẹ̀ Físíìsì láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni pé àlọ ọ̀nà yìí kò rí bí àbọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ Físíìsì nínú oṣù kẹsàn-án, tó sì rí i pé kò bá òun lára mu, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló fàyè gba ìyẹn. Á lọ mú Jọ́gíráfì tàbí Psychology, á wá àkọsílẹ̀ àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀, á sì bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọmọ tó fi Psychology bẹ̀rẹ̀, tí Físíìsì wá ń wù ú nígbà tó di oṣù kejì ọdún. Ibo ló fẹ́ gbà? Wọ́n ti kọ́ àwọn yòókù ní ìṣípòpadà, ní iná mànàmáná, ní ìgbì ìmọ́lẹ̀. Ó di kó tún Year 12, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́ A-level, ṣe, tàbí kó gbàgbé rẹ̀. Bó bá wá fẹ́ di ẹnjinníà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ ẹnjinníà ní àwọn yunifásítì ńlá ló ń béèrè Ìṣirò àti Físíìsì pọ̀. Ọ̀nà tó kù fún un ni ọdún àfikún tí wọ́n ń pè ní foundation year, odindi ọdún kan, tí owó ilé-ìwé rẹ̀ lè lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pọ́n-ùn, tí gbèsè rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ lé e kiri. Gbogbo ìyẹn nítorí gbólóhùn kan tí ẹnì kan sọ lórí ìdúró.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi gbójú lé. Lójú UCAS, àjọ tó ń bójú tó ìwọlé sí yunifásítì, A jẹ́ 48, B jẹ́ 40, C jẹ́ 32. Wọ́n á ní, "Kí ló dé tí ọmọ á fi já máàkì 16 sílẹ̀ nítorí agídí?" Ìṣirò tó dára lójú ni. Àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó nìkan ni owó ti ń ra ọjà. Àwọn yunifásítì tó le wọ̀ jù kì í ka àpapọ̀ máàkì, gíréèdì ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì máa ń dárúkọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ rí i nínú rẹ̀. A mẹ́ta tí kò ní Físíìsì nínú kò lè ṣílẹ̀kùn ẹ̀ka tó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé Físíìsì lòún ń fẹ́. Ọmọ tó fẹ́ ka òfin, tí Físíìsì kò sì wù ú, kò kan ọ̀rọ̀ mi, ẹ jẹ́ kó máa lọ ka Ìtàn. Ọmọ tó wù ni mo ń jà fún.

Ẹ sì jẹ́ ká bi ara wa léèrè ẹni tí ìmọ̀ràn "mú èyí tó rọrùn" ń ṣe láǹfààní. Àtẹ ìdíje wà tí wọ́n fi ń to àwọn ilé-ìwé England léra, gíréèdì A-level sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. C tí ọmọ rẹ gbà nínú Físíìsì máa ń fa ilé-ìwé náà sẹ́yìn. A tó gbà nínú nǹkan mìíràn máa ń tì í síwájú. Lọ́dún 2017, St Olave's, ilé-ìwé ìjọba tó lórúkọ ní Orpington, sọ fún àwọn ọmọ kan pé kò sí àyè fún wọn mọ́ ní Year 13 torí pé èsì Year 12 wọn kò dé ibi tí ilé-ìwé fẹ́. Ọmọ tiwọn ni o, ọmọ tí wọ́n ti kọ́ fún ọdún bíi mélòó kan! Àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, ilé-ìwé náà sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Bí ilé-ìwé bá lè lé ọmọ jáde nítorí àtẹ, ẹ má rò pé kò sí èyí tó lè rọra darí ọmọ kúrò nínú Físíìsì nítorí àtẹ kan náà.

Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni mò ń bá wí. Àwọn olùkọ́ Físíìsì wà tó jẹ́ pé wọ́n á wá ọmọ lọ bá òbí rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn ò tó. Ọdún ti ń gorí ọdún tí ìjọba ò rí iye tó ń wá. Lọ́dún 2023 sí 2024, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Físíìsì ò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó ka Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní Físíìsì títí di GCSE. Ọmọ tí kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ọ, tó sì tún rí 7 gbà, kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe kẹ́ ẹ tó gbà pé orí rẹ̀ gbé e?

Ó wá burú jù fún ọmọbìnrin. Lóṣù kẹrin ọdún 2022, Katharine Birbalsingh, ọ̀gá ilé-ìwé Michaela ní Wembley, tí ìjọba fi ṣe alága àjọ tó ń wá ìgòkè fún ọmọ mẹ̀kúnnù nígbà náà, jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, ó ní Físíìsì kì í ṣe ohun tó máa ń wu àwọn ọmọbìnrin, pé ìṣirò líle tó wà níbẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Nílé-ìwé tirẹ̀ nígbà náà, ọmọbìnrin jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣe Físíìsì ní A-level. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè, nǹkan bí 23 ni. Ẹni tí tirẹ̀ kéré sí ti gbogbo ìlú ló yẹ kó wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ló gbé ẹ̀bi fún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú lójú mi, torí pé ọmọ ọdún 15 tó ń gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n lè rò pé bí wọ́n ṣe dá òun nìyẹn.

Ẹ wo Dame Maggie Aderin-Pocock. London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1968, Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Adérìn tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní dyslexia, ìwé kíkà le fún un, ilé-ìwé 13 ló sì gbà kọjá. Nígbà tó sọ fún olùkọ́ kan pé òun fẹ́ lọ sínú òfuurufú, olùkọ́ ní kó gbìyànjú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wò, pé sáyẹ́ǹsì náà ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níyì, òun ló gbé ọ̀pọ̀ ìdílé wa ró ní London. Àmọ́ ohun tí ọmọ béèrè kọ́ nìyẹn. Ó mú Físíìsì mọ́ Ìṣirò, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì ní A-level, ó gboyè Físíìsì ní Imperial College lọ́dún 1990, ó gba PhD lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó sì bá wọn ṣe ẹ̀rọ fún awò ńlá Gemini tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ ní orílẹ̀-èdè Chile. Láti 2014 ni wọ́n ti ń rí i lórí ètò The Sky at Night ti BBC. Bó bá gba ìmọ̀ràn olùkọ́ yẹn ni, ta ni ì bá mọ̀ pé nǹkan kan sọnù?

Jocelyn Bell Burnell náà ń bẹ. Ní Lurgan, ní Northern Ireland, ilé ìdáná ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Àwọn òbí rẹ̀ àti òbí mélòó kan fárígá, ilé-ìwé sì gba àwọn ọmọbìnrin wọn sínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì náà. Lọ́dún 1967, òun ló kọ́kọ́ rí àmì àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pulsar. Ohun tí àwọn òbí yẹn ṣe ni mò ń bẹ àwọn òbí wa pé kí wọ́n ṣe.

Ó le, mi ò ní purọ́. Nínú ìdánwò A-level Físíìsì, ó kéré tán ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ló jẹ́ ti ìṣirò. Ti Kẹ́mísírì jẹ́ 20, ti Bàọ́lọ́jì jẹ́ 10. Nítorí náà, ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é láìmú Ìṣirò mọ́ ọn ní A-level ń fi ara rẹ̀ ṣeré, ibẹ̀ yẹn ni mo ti fara mọ́ olùkọ́ tó bá ní kó má ṣe é. Ọmọ tó rù ú mọ́ Ìṣirò náà á rí ọ̀sẹ̀ tí kò ní yé e rárá. Máàkì rẹ̀ á wálẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ jẹ́ kí n fi oyin ọ̀hún hàn yín. Ọ̀kan wà lára àyẹ̀wò tí àwọn ọmọ A-level máa ń ṣe, èyí tí wọ́n fi ń wá ìwọ̀n bí ilẹ̀ ayé ṣe ń fa nǹkan mọ́ra. Wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì tó ń lo iná gbé bọ́ọ̀lù irin kékeré kan kọ́ sókè. Bí wọ́n bá paná, bọ́ọ̀lù á já, aago á bẹ̀rẹ̀. Bó bá kan pátákó ìsàlẹ̀, aago á dúró. Wọ́n á yí gíga rẹ̀ padà léraléra, wọ́n á kọ àkókò sílẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á fà á sórí gíráàfù. 9.81 ló yẹ kó jáde. Tọmọ rẹ jáde ní 9.3. Ó tún un ṣe, 9.3 náà ni. Ó wá jókòó, ó ń rò ó. Ṣé afẹ́fẹ́ ló dá bọ́ọ̀lù dúró ni? Bọ́ọ̀lù irin kékeré, ọ̀nà kúkúrú, afẹ́fẹ́ ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Lójijì ó yé e: bí wọ́n bá paná tán, agbára mágínẹ́ẹ̀tì kì í kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń di bọ́ọ̀lù mú fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín, aago sì ti ń lọ. Àkókò gùn ju bó ṣe yẹ, iye tó jáde sì kéré. Kò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà kó lè bá tinú ìwé mu. Ohun tó mú un yàtọ̀ ló wá rí.

Ọmọ tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, tó gba C, mo yàn án láàyò ju ẹni tó sá fún un tó gba A.

Àwọn òbí wa tí dókítà jẹ lọ́kàn, ẹ̀yin náà ń dá kún un. Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì ti wọlé ná, Físíìsì tó ń wu ọmọ ni ẹ óò kọ́kọ́ yọ, ẹ ní kò pọn dandan fún iṣẹ́ ìṣègùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé iṣẹ́ ìṣègùn ló fẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi tipá ti ọmọ tí kò fẹ́ sáyẹ́ǹsì rárá sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, ẹ kàn ń fìyà jẹ ẹ ni.

Ìrànlọ́wọ́ kò wọ́n. Yunifásítì Cambridge ní Isaac Science, tí wọ́n ń pè ní Isaac Physics tẹ́lẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ìbéèrè kún inú rẹ̀ bámúbámú, ọmọ sì lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́yìn GCSE. Ohun tó wọ́n nílé wa ni àkókò, pàápàá fún àkọ́bí obìnrin. Òun ló ń lọ mú àbúrò níléèwé, òun ló ń gbé ìrẹsì kaná, òun ló ń fọ abọ́. Ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì yìí, kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà mọ ibi tí kànrìnkàn wà.

Bí ọmọ rẹ bá wà ní Year 11 báyìí, má dúró de ọjọ́ èsì. Pè é jókòó lọ́sẹ̀ yìí, kí o bi í léèrè ohun tó ń wù ú kà. Bó bá dárúkọ Físíìsì, tí ìṣirò rẹ̀ sì dára, má sọ fún un pé ó le. Bá a kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, tẹ̀ lé e lọ forúkọ sílẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró, kọ̀.