Àkísà Inú Adágún Bosumtwi

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ibi tí àgbà ti fẹ́ pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́ ni wọ́n ti ń pa òwe yìí jù, ìlò bẹ́ẹ̀ kò sì fi gbogbo ara wù mí. Òwe náà kò ní àgbà gbọ́n ju ọmọdé lọ. Ohun tó wí ni pé owó ọjọ́ kan lè ra aṣọ kún àpótí, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta àkísà. Ọdún ló ń sọ aṣọ di àkísà.

Lórí ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀dá, aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ wa lónìí. Sátẹ́láìtì ń wo ìkùukùu lójú ọ̀run, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì ń sọ fún àgbẹ̀ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá bi wọ́n bí òjò ṣe rọ̀ ní 500 ọdún sẹ́yìn. Kò sí àkọsílẹ̀ òjò kan lápá ọ̀dọ̀ wa tó tíì pé 200 ọdún.

Adágún Bosumtwi ló ní àkísà. Ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà ló wà, nǹkan bí 30 kìlómítà sí Kumasi, òkè sì yí i ká. Òkúta kan ló já láti ojú ọ̀run ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn, ó gbẹ́ kòtò ràgàjì sílẹ̀, omi wá kún un. Èèwọ̀ àtijọ́ ni kí irin kan omi náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń lo pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní padua, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tu ú. Odò kankan kò ṣàn jáde níbẹ̀. Òjò ló ń bù sí i, oòrùn ló ń bù nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹja àti kòkòrò kò lè gbé níbẹ̀ kí wọ́n da ẹrẹ̀ rú, nítorí náà ẹrẹ̀ ọdún yìí ń sùn lórí ti èṣí láìdàpọ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ ní 2004, ẹrẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 mítà kí wọ́n tó kan àpáta.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Ọ́síjìn inú omi kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó fúyẹ́ wà, èyí tó wúwo díẹ̀ náà wà. Bí oòrùn bá ń fa omi, èyí tó fúyẹ́ ló ń yára gbéra, èyí tó wúwo á sì máa pọ̀ sí i nínú omi tó kù. Efun wẹ́wẹ́ tó ń dì nínú adágún á gba ọ́síjìn yìí sára, á rì, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ á ka ìpele ẹrẹ̀ náà, ọdún kan, ìpele kan, wọ́n á sì wọn ọ́síjìn inú efun rẹ̀. Níbi tí èyí tó wúwo bá ti pọ̀, ọ̀dá jà níbẹ̀.

Ní 2009, Timothy Shanahan, Jonathan Overpeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ohun tí wọ́n kà jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ọ̀dá Sàhẹ́lì ti àwọn ọdún 1970, tó pa màlúù lọ bẹẹrẹ, kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1400, ó di nǹkan bí 1750 kó tó tán. Àìmọye Aláàfin ló gorí ìtẹ́ tó sì wàjà láàárín ìgbà yẹn!

Àgbà náà lè purọ́, nítorí náà wọ́n wá ẹlẹ́rìí. Àwọn òkú igi kan wà lóòró láàárín adágún náà títí di ìsinsìnyí. Igi kì í hù nínú ibú. Ìgbà tí omi fà sẹ́yìn ni wọ́n hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nígbà tí òjò sì padà, omi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọjọ́ orí wọn bá ti ọ̀dá yẹn mu.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ: ṣé ẹ rí i pé ọ̀dá ti ń jà kí mọ́tò àti ilé iṣẹ́ tó dé, kí ló wá kan èéfín wa? Orí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sọlẹ̀. Àkísà yìí ń sọ pé òjò apá ibí lè sá lọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tó lé e. Àwa wá ń lé e. Ẹ ro ti ọ̀dá 1983: kò pẹ́ rárá, síbẹ̀ oko kòkó jóná ní Gánà, omi dáàmù Akosombo fà, iná mànàmáná sì di ohun tí wọ́n ń pín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò dáàmù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó jẹ́ àkọsílẹ̀ òjò ọdún péréte lẹ fi ń ṣírò omi tí yóò wọ inú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti ẹrẹ̀ Bosumtwi kún un kí ẹ tó da kọnkéré.