Ọ̀RỌ̀ ÈDÈ WA: ÀLÀÁFÍÀ

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, “Ṣé àlàáfíà ni?” ni a fi ń kí ara wa, kí ẹni tí a kí tó ronú, ó ti dáhùn pé, “Àlàáfíà ni.” Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ń wí.

Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. “Al-afiya” ni wọ́n ń pè é, ìlera ni ó sì jẹ́. “Lafiya” ni àwọn Háúsá fi ń kí ara wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa ó gbòòrò sí i. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, òun ni a fi túmọ̀ “shalom” àwọn Hébérù, èyí tí í ṣe pípé ohun gbogbo.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gba ohun púpọ̀, ó rọrùn láti fi bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá wà lórí àìsàn, a sì kọ̀wé sí ọmọ tí ó wà ní òkèèrè pé àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Tọkọtaya kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, wọ́n ní àlàáfíà ni, nítorí pé aládùúgbò kò gbọ́ ariwo.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Bí ara bá le, ìlera ni. Bí àyà kò bá já, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Bí ìnira bá kúrò, ìdẹ̀ra ni. Bí àwọn tí ń gbé pọ̀ bá fi ohùn ṣọ̀kan, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí ìjà bá sì parí, a ní ilé tòrò, gẹ́gẹ́ bí omi tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá pa mọ́ tí inú sì ń ru, ìdákẹ́ lásán ni. Omi lè dákẹ́ kí ó má tòrò.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa ka àìsàn rẹ̀ fún ẹni tí ó kí i lójú ọ̀nà. Ti ará ilé ni a ń wí. Ahọ́n àti eyín pàápàá a máa jà; kò sí ìtìjú níbẹ̀. Baba tí ó kọ̀wé pé, “Ara ìyá rẹ kò le, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀,” kò já ọmọ láyà, kò sì tàn án jẹ. Ọmọ náà yóò mọ̀ bí ó bá yẹ kí òun wá, nígbà tí wíwá ṣì wúlò.