Ẹ Má Fòfin De Okùn Mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin wa, mi ò sì lè gbé e mì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí á yọ ukulele kúrò nínú ètò alẹ́ ewì. Wọ́n ní gìtá ọmọdé ni. Wọ́n ní orin sinimá àtijọ́ ti Amẹ́ríkà làwọn tó ń ta á ń kọ, orin olórin, wọn ò dá nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n wá fi èyí tó dùn mí jù kún un: wọ́n ní bí a bá tilẹ̀ máa gbà á láàyè, kí a túmọ̀ àwọn orin náà sí Yorùbá kí wọ́n lè di tiwa.

Mo takò ó látòkèdélẹ̀. Ẹ jẹ́ n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, gìtá ọmọdé. Ẹ gbọ́ ná. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1879, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ravenscrag gúnlẹ̀ sí Honolulu ní Hawaii. Àwọn Potogí láti erékùṣù Madeira ló kó wá, oko ìrèké ni wọ́n sì bá lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́ta wà nínú wọn: Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo. Àwọn wọ̀nyí ló wá ń ṣe gìtá kékeré ilẹ̀ wọn tà níbẹ̀. Àwọn ará Hawaii gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ní èdè tiwọn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé "kòkòrò tó ń fò" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọba wọn, Kalākaua, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó wọ ààfin. Ṣé ohun tó jó níwájú ọba lẹ wá ń pè ní ohun ìṣeré ọmọdé? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ tún wo nǹkan mìíràn níbẹ̀. Àlejò ni ukulele ní Hawaii. Lónìí, ta ló lè sọ pé kì í ṣe ti Hawaii? Lílò ló sọ ọ́ di tiwọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Èkejì, orin olórin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù Singin' in the Rain, tí Gene Kelly ti ń jó nínú òjò, ẹ rò pé òun ló ni orin yẹn, àbí? Ọdún 1952 ni fíìmù yẹn jáde. Orin náà ti wà nínú The Hollywood Revue of 1929, ọdún mẹ́tàlélógún ṣáájú, Cliff Edwards ló sì kọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ mọ ìnagijẹ Cliff Edwards? Ukulele Ike! Ọkùnrin yìí kan náà ló fi ohùn rẹ̀ ṣe ìrẹ̀ inú Pinocchio ní 1940, tó kọ When You Wish Upon a Star. Ukulele ò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá já orin sinimá gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé rẹ̀ ló padà sí.

Over the Rainbow ńkọ́? Harold Arlen ló ṣe ohùn rẹ̀, Yip Harburg ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Judy Garland sì kọ ọ́ nínú The Wizard of Oz ní 1939. Ní 1988, Israel Kamakawiwoʻole, ọmọ Hawaii, gbé ukulele, ó kọ ọ́ bó ṣe bá ọkàn rẹ̀ mu: ó yí ọ̀rọ̀ ibì kan padà, ó yí ohùn ibòmíràn. Nígbà tí orin náà jáde nínú àwo Facing Future ní 1993, ayé gbọ́ ọ bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Ẹ wá bi í pé kí ló dá sílẹ̀.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ló sì ń dùn mí jù pé a ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń ki oríkì orílẹ̀ yín, tórí yín ń wú, ta ló máa ń dá wọn dúró pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ dá a?" Oníjàálá ń kó? Ìyàwó tó ń sun ẹkún? Ohun àjogúnbá ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti já a, ibi tí wọ́n ti so ó, ibi tí wọ́n ti dákẹ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ohun tí a fi ń yin apohùn, ká má fi bú ẹni tó ń ta ukulele.

Iṣẹ́ sì ni. Okùn mẹ́rin péré ni: G, C, E, A. Okùn tó wà lókè pátápátá, tí ẹ máa rò pé ohùn rẹ̀ á rinlẹ̀ bíi ti gìtá, ohùn tín-ín-rín ló ní. Kò sí ohùn ìsàlẹ̀ kankan níbẹ̀. Orin tí odidi ẹgbẹ́ onígòjé àti afunfèrè fi kún inú sinimá, ìwọ fẹ́ fi okùn mẹ́rin gbé e. O ní láti yan èyí tó máa kù àti èyí tó máa lọ. Ẹni tó bá ti gé ewì ìlà ogójì sí mẹ́wàá rí mọ irú ìyà tí mò ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni ti ìtumọ̀, ibẹ̀ gan-an nìjà wà. Yorùbá ní dò, re, mí. Orin náà ní dò, re, mí tirẹ̀. Bí ẹ bá fipá so méjèèjì pọ̀, ọ̀kan á kú. Ẹ mú "òjò", dò-dò. Bí ohùn orin bá gòkè lórí sílébù kejì, ó di "Òjó". Ẹ ní ẹ̀ ń kọrin nínú òjò, ẹni tó ń gbọ́ ní inú ọmọkùnrin kan lẹ wà! Ẹ mú "òṣùmàrè" náà, dò mẹ́rin gbáko. Ohùn méjì tó ṣíwájú nínú Over the Rainbow sì fò láti dò ìsàlẹ̀ sí dò òkè. Ibo lẹ fẹ́ kí òṣùmàrè ti rí ìyẹ́ tó máa fi fò ó? "Ìlú" lè fò ó. "Ìfẹ́" lè fò ó.

Ìyà yìí ti jẹ wá rí. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láyé àwọn míṣọ́nnárì, tí wọ́n gbé lé ohùn òyìnbó, ẹ lọ tẹ́tí sí wọn dáadáa. Nítorí rẹ̀ ni T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi l'Ékòó, tó kọ ìwé Yoruba Music ní 1953, fi jà fún un pé kí ohùn orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin wá fẹ́ dá wa padà sẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì ń pè é ní ìfẹ́ àṣà.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ jẹ́ n fi ẹni tó tọ́ sí hàn yín. Ẹ bínú sí ẹni tó kọ́ C, G, Am, F lórí fóònù, tó wá fi wọ́n ta gbogbo orin tó wà láyé. Ẹ bínú sí ẹni tó ń sín Kamakawiwoʻole jẹ títí dé èémí, tí ò sì gbọ́ Garland rí. Ìyẹn ò ka ìwé, ó kan ń da ìwé kọ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ pinnu rèé. Kí ukulele wà nínú ètò. Kí ẹni tó bá fẹ́ ta orin sinimá dárúkọ ẹni tó ṣe é àti fíìmù tó ti wá. Kó fi èdè tí wọ́n fi ṣe é kọ ọ́, tàbí kó dákẹ́ kí okùn sọ̀rọ̀, tàbí kó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun tí ohùn rẹ̀ bá ohùn orin rìn. Ìtumọ̀ agídí nìkan ni kí á lé jáde.

Kí ẹnì kan sì bá wa gbé orin inú Ajani Ogun (1976) ti Ola Balogun tàbí Aiyé (1979) ti Hubert Ogunde lé okùn mẹ́rin yìí. Orin sinimá àtijọ́ làwọn náà. Bó bá ta á dáadáa, tí kò la ẹnu rárá, ọmọ Yorùbá tó jókòó níwájú lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ẹni gbọ́ dùndún. Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́ lálẹ́ ewì. Ẹni tó ní òfin lòun fẹ́, kó jọ̀ọ́ mú ohùn tirẹ̀ wá ká gbọ́ ná.