Ojú Ní Ń Wò, Ọpọlọ Ní Í Ríran

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀rọ̀ wíwò yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ní oṣù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé bí ojú wa bá ti wà lára ọmọ, ewu kò lè wu ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ìmọ́lẹ̀ ní í gba ẹyinjú wọlé, tí í sì kan awọ tín-ín-rín tí ó wà lẹ́yìn nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni iṣan ti ń gbé ìròyìn lọ sínú ọpọlọ, títí dé apá tí ó wà ní ìpàkọ́. Níbẹ̀ ni a ti ń tú ìròyìn náà palẹ̀, kí a tó fi í ránṣẹ́ sí àwọn apá mìíràn tí yóò sọ pé, "Ojú Àdùkẹ́ nìyí."

Ṣùgbọ́n ìròyìn náà kì í ṣàn ṣáá bí omi ẹ̀rọ. Agbára mànàmáná kékeré kan ń lọ sókè sódò nínú ọpọlọ bí ìgbì omi. Dókítà Hans Berger, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ ìgbì yìí láti orí ènìyàn, ní ìlú Jena, ní ọdún 1924. Ó sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1929. Bí ènìyàn bá di ojú tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, ìgbì kan a máa ru ní nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá la ojú, ìgbì náà a rọlẹ̀. Alpha ni orúkọ rẹ̀. Òmíràn wà tí ń jẹ́ gamma, èyí tí í ru ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Amsterdam kéde ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ọ̀bọ. Wọ́n rí i pé gamma ń bá ìròyìn ojú lọ síwájú, láti apá tí ó kọ́kọ́ gbà á sí apá tí ó wà lókè rẹ̀. Alpha sì ń ti òkè padà wá sí ìsàlẹ̀. Nínú ènìyàn pẹ̀lú, bí a bá fi ọkàn sí ohun tí ó wà ní ọ̀tún, alpha a lágbára sí i ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ tí ń mójú tó òsì. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé alpha dà bí asẹ́ ògì: ohun tí ọkàn ń wá a kọjá, ìyókù a dúró bí èèrí.

Ní ọdún 1999, Daniel Simons àti Christopher Chabris ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ròyìn ìdánwò kan. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wo àwòrán tí ń rìn, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí àwọn kan ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Ẹnì kan wọ aṣọ ìnàkí, ó gba àárín wọn kọjá. Nǹkan bí ìdajì àwọn òǹwòran kò rí i rárá!

Ẹ̀yin arábìnrin mi, bí ọkàn ìyá bá wà lórí fóònù, ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ lè di èèrí lójú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wẹ ọmọ, ẹ kó ọṣẹ, kànìnkànìn, aṣọ ìnura àti aṣọ tí yóò wọ̀ sí tòsí. Bí ẹ bá gbàgbé ohun kan, ẹ gbé ọmọ dání lọ mú un, nítorí omi tí kò jìn lè pa ọmọdé. Bí òróró bá ń hó lórí sítóòfù, ẹ má ṣe gbà pé ẹ lè máa dín àkàrà kí ẹ sì máa ṣọ́ ọmọ tí ń rá kiri. Ẹ fi í lé ẹnì kan pàtó lọ́wọ́, kí onítọ̀hún sì dáhùn pé òun ti gbà á. Bí gbogbo ilé bá ń wò ó tí kò sí ẹni tí ó fọkàn sí i, kò tí ì sí ẹni tí ń wò ó.

Bákan náà, bí ọmọ bá ń ṣeré tí kò dá yín lóhùn, ẹ má yára pè é ní olórí kunkun. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ fọwọ́ kàn án, kí ó kọjú sí yín, kí ẹ tó rán an níṣẹ́.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.