BẸ́Ẹ̀ NI TÀBÍ BẸ́Ẹ̀ KỌ́?

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀ràn tí a gbé ka iwájú yín ní oṣù yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́bi. Ọ̀ràn náà ni ti ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ofosu ṣe àpẹẹrẹ, ní ilẹ̀ Ìdànrè, lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní. Igbó ọba wà níbẹ̀, oko kòkó sì wà níbẹ̀. Ká sọ pé a mú bàbá àgbẹ̀ kan wá sí kóòtù nítorí igi ìrókò kan tí a gé nínú igbó ọba. Agbẹjọ́rò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè, ògbufọ̀ sì tú u pé, "Bàbá, ẹ kò gé igi yìí?" Bàbá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé, òtítọ́ ni, èmi kò gé e. Bí ògbufọ̀ bá wá tú èsì yìí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pé "Yes," adájọ́ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá ti jẹ́wọ́. Bàbá kò purọ́, ògbufọ̀ kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, adájọ́ kò ṣe ojúsàájú. Síbẹ̀ irọ́ ti wọ inú ìwé.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ní èdè wa, "bẹ́ẹ̀ ni" ń fọwọ́ sí gbólóhùn tí olùbéèrè sọ, ìbáà jẹ́ pé "kò" wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣe gan-an ni ìdáhùn ń tẹ̀lé: bí a bá ṣe é, "Yes", bí a kò bá ṣe é, "No." Àwa nìkan kọ́ ni à ń dáhùn báyìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Jàpáànì pẹ̀lú ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ jáde ti ń fi ìlànà Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìbéèrè Yorùbá. Nínú ilé kan náà, lórí òtítọ́ kan náà, bàbá a ní "Bẹ́ẹ̀ ni," ọmọ a ní "Rárá."

Àwọn kan a máa wí pé èdè wa kò tó láti fi ro èrò ìjìnlẹ̀. Kí wọ́n wo èyí. "Kò san ìṣákọ́lẹ̀" sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. "Kò tíì san án" jẹ́wọ́ gbèsè, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀la. "Kì í san án" ba ènìyàn lórúkọ jẹ́. Ẹni tí ó bá sì wí pé, "Èmi kọ́ ni mo gé igi náà," ti gbà pé ẹnì kan gé e. Ẹni tí ó wí pé, "Èmi kò gé igi náà," kò tíì gba ohunkóhun.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ "gbogbo." "Gbogbo àgbẹ̀ kọ́ ló sanwó" fi hàn pé àwọn kan lè ti san, "Gbogbo àgbẹ̀ ni kò sanwó" kó gbogbo wọn sínú ẹ̀bi. Aristotle, amòye Gíríìkì, ti kọ ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan náà lè gbé ìtumọ̀ méjèèjì bí akọ̀wé kò bá ṣọ́ra. Ní èdè wa, ọmọ tí ń ta ẹ̀kọ lọ́jà kò ní ṣi í gbọ́.

Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999, ní abala 36, fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan owó, bí kò bá gbọ́ èdè tí a fi ń ṣe ẹjọ́ náà. Èyí dára, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè di ọ̀fìn fún ẹni tí ó yẹ kí ó gbà là.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́ta. Kí ògbufọ̀ máa tú odindi gbólóhùn: "Òun kò gé e," kí ó má ṣe fi "Yes" lásán sílẹ̀. Kí ẹ̀yin ìjòyè tí ń gbọ́ ẹjọ́ láàfin máa bi ènìyàn pé, "O gé e, tàbí o kò gé e?" kí ìdáhùn má baà ní ojú méjì. Ẹ̀kẹta kan àwa olùkọ́, a kò sì mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń na ọmọ tí ó bá dáhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì bí bàbá rẹ̀ ti ń dáhùn nílé, a kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọmọ náà rò pé bàbá òun kò gbọ́n. Láti ọdún 1852 ni Àlùfáà Àjàyí Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ti tẹ ìwé gírámà èdè wa jáde. Àwíjàre wo ni ó kù fún wa? Kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ máa kọ́ni ní èdè méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọmọ lè mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹyin bàbá wa fọ́ lọ́wọ́ wa, nígbà tí ó ti sọ òtítọ́.